Oṣù tí Fèrè Rẹ̀míláyọ̀ Dákẹ́

Rẹ̀míláyọ̀ Akíndàmọ́lá ń kọ́ àwọn ènìyàn ní fèrè àti dùùrù. Bí ẹ bá wọ Abraham Adésànyà Estate lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì ya sí òpópónà tí wọ́n ń gbé, ẹ ó ti gbọ́ ilé wọn kí ẹ tó rí i. Ẹnì kan á máa tẹ dùùrù, á ṣì í tẹ̀, á sinmi díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọdé ń lọ síbẹ̀, àgbà ń lọ síbẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì kanlẹ̀ bí wọ́n bá jókòó sórí àga dùùrù, àwọn mìíràn sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹni tí kò bá lè wá, òun ló máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá a nílé.

Òǹdó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ránṣọ, ó sì tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí dùùrù yẹn ni Rẹ̀míláyọ̀ dàgbà sí. Ìgbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló tó rí fèrè onírin, èyí tí wọ́n máa ń gbé dábùú ẹnu, tí wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn gba orí ihò rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà ló ti fẹ́ràn rẹ̀ ju dùùrù lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ọwọ́ kọ́ ló ń fọn fèrè, ètè ni. Bí ètè bá le jù, kò ní dún. Bí ó bá dẹ̀ jù, atẹ́gùn lásán ni wọ́n máa gbọ́. Kì í ṣàlàyé rẹ̀ lọ títí. Á ní kí wọ́n wo ẹnu òun, kí wọ́n ṣe bí òun ti ń ṣe.

Yọ̀mí ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Táìsì ló ń lẹ̀, òun sì ni ọ̀gá àwọn tó ń lẹ táìsì nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Awoyaya lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Tiwátọ́pẹ́, wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn. Ìdílé kékeré ni, kò sí ariwo níbẹ̀ ju ti orin lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Rẹ̀míláyọ̀ kì í sọ. Ìyá tó bí i kò darúgbó kí wọ́n tó kú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa wọ́n. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu wọn ti wọ́, wọn kò sì lè pe orúkọ ọmọ wọn mọ́ títí tí wọ́n fi lọ. Lọ́dún yẹn, Rẹ̀míláyọ̀ ti ń sún mọ́ iye ọdún tí ìyá rẹ̀ lò láyé. Kò sọ fún Yọ̀mí pé òun ń ronú sí i, ṣùgbọ́n ó ń ronú sí i.

Àárín àkókò òjò ni, ọjọ́ Sátidé. Ó ti tó bí ọjọ́ mélòó kan tí ẹ̀yìn etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń dùn ún. Ó rò pé bí òun ṣe sùn ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ sí Ikate, sọ́dọ̀ Bàbá Olúsànyà. Ọmọ Ikate gan-an ni bàbá yìí, ọmọ àwọn tó ń pẹja lórí ọ̀sà nígbà tí kò tíì sí ẹni tó rò pé ilé olówó ńlá máa hù síbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni Bàbá fúnra wọn ṣe fẹ̀yìntì. Nígbà tí ìyàwó wọn kú, ilé wá dákẹ́ jù. Dùùrù kan tí ọmọbìnrin wọn tó wà lókè òkun fi sílẹ̀ ní pálọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Wọ́n dàgbà tó bàbá Rẹ̀míláyọ̀, síbẹ̀ "Tíṣà" ni wọ́n ń pè é, "ẹ" ni wọ́n sì ń lò fún un láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ wọlé wọn.

Wọ́n gbé tíì fún un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, tíì náà sì ń kán láti igun ẹnu rẹ̀ sórí búláòsì. Ó nù ún kúrò, ó fi ṣe ẹ̀rín. Bàbá wò ó díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì yíjú sí dùùrù wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ tó wọ̀ padà, omi ń jáde lójú rẹ̀ ọ̀tún. Ó rò pé eruku ni.

Fikáyọ̀ ti ń dúró dè é nílé. Fikáyọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, fèrè ló ń kọ́, ó sì ní ìdánwò kan níwájú tí àlejò olùdánwò máa wá gbọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ìparí orin tó fẹ́ fi ṣe ìdánwò ni kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu. Ohùn gígùn kan wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láì já. Rẹ̀míláyọ̀ ní kí ó wo ẹnu òun. Ó gbé fèrè dábùú, ó fẹ́ ẹ.

Atẹ́gùn nìkan ló jáde.

Ó tún ètè ṣe, ó tún fẹ́ ẹ. Ó mọ̀ ọ́n lára pé atẹ́gùn náà ń sá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jáde, bíi pé ẹnì kan ti la ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, fèrè kò dún rárá. Fikáyọ̀ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé Àǹtí ń ṣeré ni. Lẹ́yìn náà ló wá dẹ́kun ẹ̀rín.

Ó ní, "Àǹtí, ẹnu yín ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Rẹ̀míláyọ̀ wọ balùwẹ̀ lọ síwájú dígí. Ojú tó rí níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ ní ìdajì. Apá òsì ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó. Apá ọ̀tún ti rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó tutù, ẹnu sì ti wọ́ sí òsì. Ó ní kí ojú ọ̀tún dì, kò dì. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n bóyá ọ̀kan ń já wálẹ̀. Ó pe orúkọ ara rẹ̀. Ó pe orúkọ Tiwátọ́pẹ́, "p" inú rẹ̀ kò délẹ̀ dáadáa, ó tún un pè, ó tún un pè, ó sì gbá ibi ìfọwọ́ mú.

Nígbà tó jáde, ó sọ fún ọmọ náà pé ẹ̀kọ́ ti parí fún ọjọ́ yẹn. Fikáyọ̀ ń wò ó, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ìbẹ̀rù ló jẹ́ kó sọ ọ́.

Ó ní, "Fikáyọ̀, má tíì sọ fún mọ́mì ẹ o. Èmi fúnra mi máa sọ fún wọn."

Ọmọ náà mi orí pé òun gbọ́. Awakọ̀ wọn wá gbé e lọ.

Yọ̀mí dé láti Awoyaya pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó ti gbẹ mọ́ ọn lápá. Kò béèrè nǹkan púpọ̀. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbójú kúrò, ó tún wò ó, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ní ọsibítù, wọ́n jókòó pẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n jókòó yẹn, Rẹ̀míláyọ̀ ń fún ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó ń tú u, ó ń fún un, ó ń tú u, kí ó lè mọ̀ pé ọwọ́ náà ṣì wà.

Dókítà tó rí wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní kí Rẹ̀míláyọ̀ gbé ìpéǹpéjú sókè, kí ó dijú, kí ó fi eyín hàn, kí ó fún ọwọ́ òun mọ́ra, kí ó rìn lọ, kí ó rìn bọ̀. Ó wo inú etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iṣan kan wà tó gba ẹ̀yìn etí jáde, òun ló ń darí ojú lápá kan. Ti Rẹ̀míláyọ̀ ló wú. Ohun tó jẹ́ kí òun mọ̀ ni pé iwájú orí rẹ̀ lápá ọ̀tún kò lè hunjọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le koko. Ó kọ oògùn fún un, ó fún un ní èyí tí wọ́n á máa kán sójú, ó sì ní kí ó máa fi báńdéèjì lẹ ojú náà bí ó bá fẹ́ sùn kí ó má baà gbẹ.

Yọ̀mí dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Rẹ̀míláyọ̀ kò tíì dúpẹ́. Ó ní, "Dókítà, fèrè ni mò ń fọn. Ètè mi ń kọ́?"

Dókítà ní, "Mi ò ní parọ́ fún yín, mà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni tiwọn máa ń padà. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó lè jẹ́ oṣù. Àwọn kan wà tí kì í padà tán."

Nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni Rẹ̀míláyọ̀ gbé délé.

Ó ra ìbòmú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùùrù ń bọ̀, ó ń kọ́ wọn, ó ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun, òun kò sì fẹ́ kó ran ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbà á gbọ́. Dùùrù kò béèrè ètè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìka rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jókòó tì í bá yíjú sí i lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ibi ìbòmú náà kí ó tó mọ̀. Kò lè jẹun níta mọ́. Ó dẹ́kun fídíò pípè Tiwátọ́pẹ́, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ohùn nìkan ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ tí Yọ̀mí bá pò fún un, ó máa ń mu ún ní ìdákọ́ńkọ́, pẹ̀lú tówẹ̀lì lábẹ́ àgbọ̀n.

Àárọ̀ ló le jù. Bó bá ti tú báńdéèjì kúrò lójú, dígí ló ń lọ bá. Á gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Á súfèé. Á wá gbé fèrè, á fẹ́ ẹ, atẹ́gùn á jáde, á tún fẹ́ ẹ. Yọ̀mí máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí fèrè níbi tó máa ń gbé e sí. Ó wá gbogbo ilé. Orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló ti rí àpótí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, Yọ̀mí ló tì í sẹ́yìn àwọn àpò ìrìn-àjò. Ó bá a jà lórí rẹ̀. Yọ̀mí jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀ tán, ó wá ní dókítà ti sọ pé kí ó má fipá mú ojú náà, pé òun kò sì lè máa gbọ́ atẹ́gùn yẹn láràárọ̀ mọ́ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun náà ń bẹ̀rù. Rẹ̀míláyọ̀ kò mọ̀ títí di ìgbà náà pé ọkọ òun ń bẹ̀rù. Wọ́n fi àpótí náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Bàbá Olúsànyà kò béèrè ìdí tí Tíṣà fi ń wọ ìbòmú. Wọ́n kàn ń tẹ dùùrù wọn. Nígbà kan, tí wọ́n tẹ orin kan tán láì ṣì í, wọ́n yíjú sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ kí ó lè yìn wọ́n. Ó yìn wọ́n. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀rín yín ni mi ò rí mọ́." Ó ṣí ojú ewé kejì fún wọn.

Ti Fikáyọ̀ ló wá ń ṣòro. Ìdánwò ń sún mọ́lé. Rẹ̀míláyọ̀ kò lè fọn nǹkan kan fún un, nítorí náà ó wá orin tó ti fọn sórí fóònù tẹ́lẹ̀, ó ń tẹ ìyẹn fún un gbọ́. Ó ń kọ ohùn náà láti ọ̀nà ọ̀fun. Ó ń fi dùùrù bá a lọ. Ó yẹ kí ìyẹn tó, nítorí ọmọ náà mọ̀ ọ́n fọn. Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀, ohùn fèrè Fikáyọ̀ ń burú sí i. Atẹ́gùn ti ń wọ inú rẹ̀. Ohùn tó ti máa ń mọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń há. Rẹ̀míláyọ̀ rò pé ẹ̀kọ́ òun ni kò péye mọ́. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì ń lé ọmọ náà níṣẹ́ sí i.

Kò tíì sọ fún ìyá ọmọ náà. Lójoojúmọ́ ló ń pinnu pé ọ̀la ni òun máa sọ. Ìyá Fikáyọ̀, Ìyáàfin Ọ̀ṣuntọ́lá, ń ta aṣọ ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì. Obìnrin tó máa ń fara balẹ̀ ṣe nǹkan ni, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ṣeré. Rẹ̀míláyọ̀ máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí ó má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Rẹ̀míláyọ̀ kúrò nídìí dùùrù, ó wá dúró síwájú Fikáyọ̀ kí ó lè wo ètè rẹ̀ bó ṣe ń fọn. Ọmọ náà ti fa ẹnu rẹ̀ sí ọ̀tún. Ó ń fi ipá fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, bíi ti ẹni tó ń di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà ṣí i.

Ó rọra béèrè pé kí ló dé tó ń fa ẹnu báyẹn. Fikáyọ̀ gbé fèrè sílẹ̀ lórí itan. Ó wo ilẹ̀ títí.

"Kí ó má baà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì," ló sọ. "Àǹtí, ṣé fèrè ló ṣe é fún yín? Bí mo bá ń fọn ọ́n lọ báyìí, ṣé ẹnu tèmi náà máa wọ́?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọmọ náà ti ń gbé èyí kiri. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí nílé bí Rẹ̀míláyọ̀ ṣe ń wo ara rẹ̀ níhìn-ín. Kò lè béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nítorí wọ́n ti ní kí ó má sọ.

Rẹ̀míláyọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì yọ ìbòmú. Ó jẹ́ kí ó wo ojú òun dáadáa. Ó sọ fún un ohun tí dókítà sọ, nípa iṣan ẹ̀yìn etí, pé fèrè kọ́, pé kò lè ràn, pé ẹni tí kò fọn fèrè rí láyé náà lè ní i. Ó ní òun jẹ̀bi, pé kò yẹ kí òun ní kí ó fi nǹkan pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Ó wá wọ bàtà, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò wọ ìbòmú. Àwọn tó jókòó síwájú ilé ń wò ó, ẹnì kan kí i, ó gbàgbé láti dá a lóhùn. Ọ̀nà tí kò jìn yẹn, ó gùn lójú rẹ̀ bíi pé Ẹ̀pẹ́ ló ń lọ.

Ìyá Fikáyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó yẹ ojú ọmọ rẹ̀ wò, ó yẹ ti olùkọ́ wò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sókè.

"Àǹtí, kì í ṣe àìsàn yín ló dùn mí. Àìsàn lè ṣe ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi kì í sùn dáadáa mọ́, mo sì ń bi í, ó ń ní kò sí nǹkan kan. Àṣírí àgbàlagbà ló ń gbé kiri."

Rẹ̀míláyọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá Fikáyọ̀ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú sí i. Ó ní kí ọmọ náà sinmi fèrè ná.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Rẹ̀míláyọ̀ sọ pé ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé orí Wọ́sáàpù àwọn ará ẹ́sítéètì. Àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ń júwe ilé àdúrà fún un. Òbí méjì ní kí àwọn ọmọ wọn dúró ná. Bí fóònù bá ti dún, àyà rẹ̀ á já pé Ìyá Fikáyọ̀ ló fẹ́ sọ fún òun pé ó ti parí. Bí kò bá dún, á gbé e wò bóyá iná rẹ̀ ti kú. Bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe ń lọ, ọjọ́ ìdánwò ń sún mọ́ tòsí, ọmọ náà kò sì fọwọ́ kan fèrè.

Ó sọ fún Bàbá Olúsànyà fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó yọ ìbòmú níwájú wọn. Bàbá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn ti fura láti ọjọ́ tí tíì ti kán sí i láṣọ, àwọn kò kàn fẹ́ dójú tì í ni. Wọ́n ní kí ó máa bọ̀ bó ṣe ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tẹ dùùrù wọn.

Ìyá Fikáyọ̀ wá nígbẹ̀yìn, òun àti ọmọ rẹ̀. Ó ti lọ bi dókítà kan tó mọ̀, ìyẹn sì ti sọ ohun kan náà fún un. Ó ní Fikáyọ̀ fẹ́ padà, òun sì gbà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, òun máa jókòó tì wọ́n títí tí ẹ̀kọ́ á fi tán. Rẹ̀míláyọ̀ ní kò burú. Ó nira láti kọ́ni pẹ̀lú ojú tó wọ́ níwájú obìnrin tó ń wo gbogbo nǹkan. Ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń nù ún. Fikáyọ̀ pàápàá kò lè fọn.

Ìyá náà ló wá bá wọn yanjú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò wọ́n, ló bá ní kí wọ́n fún òun ní fèrè náà kí òun wò ó. Ó gbé e dábùú ẹnu, ó fẹ́ ẹ tagbáratagbára. Atẹ́gùn. Ó tún fẹ́ ẹ, itọ́ ta jáde, fèrè kò dún. Fikáyọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í díẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú ìdajì ojú tó ṣẹ́ kù fún un, kò sì rántí bò ó. Fikáyọ̀ gba fèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní ètè kò gbọdọ̀ le tó bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn án. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́ tí ohùn rẹ̀ máa mọ́.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìdánwò. Omi kún ọ̀nà Ajah, ọkọ̀ Ìyá Fikáyọ̀ ń wọ inú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Rẹ̀míláyọ̀ sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ náà, ó ń bẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì á kú. Kò kú. Wọ́n dé gbọ̀ngàn náà ní Lekki nígbà tí wọ́n ti ń pe orúkọ Fikáyọ̀. Ọmọ náà nìkan ló wọlé. Rẹ̀míláyọ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi etí tí kò dùn ún rí tì í. Ohùn àkọ́kọ́ já. Ó dijú ọ̀kan tó lè dì. Ohùn kejì mọ́, ẹ̀kẹta mọ́, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nígbà tí orin dé ibi ohùn gígùn tó wà ní ìparí, Rẹ̀míláyọ̀ kò mí. Ó bá ọmọ náà sé èémí títí ohùn náà fi rọlẹ̀ tán.

Fikáyọ̀ yege. Kò gba máàkì tó ga jùlọ, olùdánwò kọ ọ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa. Ìyá rẹ̀ ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ojú Rẹ̀míláyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ìpéǹpéjú ló kọ́kọ́ padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Yọ̀mí ń jẹun, Rẹ̀míláyọ̀ sì ní kí ó bá òun gbé àpótí fèrè sọ̀kalẹ̀. Yọ̀mí wò ó, ó dìde, ó gbé e wá. Rẹ̀míláyọ̀ kò to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orí rẹ̀ nìkan, níbi tí ihò wà, ló gbé sẹ́nu. Ohùn kan jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, kò lágbára, ṣùgbọ́n ohùn ni. Yọ̀mí gbé ṣíbí sílẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, atẹ́gùn ló jáde. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fi fídíò pe Tiwátọ́pẹ́, ó sì sọ ohun gbogbo fún un. Ọmọ náà sunkún, ó bínú pé wọn kò sọ fún òun, ó sì ti dé láti Ìbàdàn kó tó di ìparí ọ̀sẹ̀.

Kò tíì padà tán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lè má rí i, àfi tó bá rẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn òkè pátápátá inú fèrè kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ sì tètè ń rẹ̀ ẹ́. Ó ti sún fèrè sí òsì díẹ̀, níbi tí agbára wà. Ó ti kọjá iye ọdún tí ìyá rẹ̀ lò láyé. Bí ẹ̀yìn etí bá dùn ún díẹ̀, àyà rẹ̀ ṣì máa ń já.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkúnolúwa wá láti Ikate. Báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní láti kékeré ni òun ti fẹ́ mọ fèrè fọn, pé kò sí ẹni tó jẹ́ kí òun kọ́ ọ. Rẹ̀míláyọ̀ fún un ní àga. Kó tó ṣí àpótí, ó sọ fún un pé ojú òun ti rọ lápá kan rí, pé ọjọ́ kan lè wà tí òun kò ní lè fọn nǹkan tí òun ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun máa fi ṣàlàyé. Ó béèrè bóyá ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Obìnrin náà ronú sí i, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, ó sì béèrè ibi tí òun máa fi àtàǹpàkò sí.